Bí ẹ ṣe lè tú ìtàn abúlé kékeré kan ní Amẹ́ríkà: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àpò fúláwà

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbé láwọn abúlé kéékèèké ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ, ẹ̀yin tí ilé ẹ̀kọ́ gbé lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Mo fẹ́ ṣàlàyé béèyàn ṣe lè mọ ìtàn abúlé tó ń gbé, kó mọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, kó mọ ìdí táwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa la máa ń gbébẹ̀ fọ́dún márùn-ún, fọ́dún mẹ́wàá, a mọ ọ̀nà ibiṣẹ́, a mọ ọ̀nà ọjà, ó tán. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Abúlé tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ni Yellow Springs, ní Greene County, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 2020, bíi 3,700 èèyàn ni wọ́n bá níbẹ̀. Òun ni mo mọ̀ dáadáa ni mo ṣe mú un, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ló máa ṣiṣẹ́ níbi yòówù tẹ́ ẹ bá wà, ì báà jẹ́ Kansas, ì báà jẹ́ Vermont.

Ẹ wá ohun kan tí wọ́n ṣì ń ṣe

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ ka ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí ọdún tí wọ́n dá abúlé sílẹ̀ àti orúkọ ọkùnrin kan àti iye èèyàn tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ò tíì mọ nǹkan kan nìyẹn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ni nǹkan kan tí wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní tẹ́ ẹ ò mọ ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ dì í mú bí okùn, kẹ́ ẹ máa fà á, ẹ máa rí ohun tó so mọ́ ìdí ẹ̀.

Ní Yellow Springs, tó bá ti di December tí Kérésì ń sún mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ abúlé máa ń gbé fúláwà àti ṣúgà lọ fún àwọn opó, wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀ rí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dé sí ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó gba àpò méjèèjì, ó dúpẹ́, ó gbé wọn sórí tábìlì kíṣìnì ẹ̀, fúláwà ti dà díẹ̀ sí apá súwẹ́tà ẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n dànù. Mo ní ẹ̀yin mà, ṣé ìjọba ló ń fún yín ni? Ó ní rárá o, Wheeling Gaunt ni. Mo ní ta ni Wheeling Gaunt, níbo ló ń gbé? Ó ní ó ti kú láti 1894.

Mo kọ háà!

Ẹrú ni wọ́n bí Wheeling Gaunt sí ní Kentucky. Ọkùnrin yìí ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ra ara ẹ̀ lọ́wọ́ olówó ẹ̀, 900 dọ́là ló san, ó tún wá owó ra Amanda ìyàwó ẹ̀ náà. Ẹ wò ó ná, kéèyàn máa ka owó lálaalẹ́ kó lè fi ra ara ẹ̀. Lọ́dún 1860 ó lé díẹ̀ ló kó wá sí Yellow Springs, ó ra ilẹ̀, ó ra ilé, ó di ọlọ́lá. Nígbà tó máa fi ayé sílẹ̀, ó fún abúlé ní ilẹ̀ éékà mẹ́sàn-án, ó ní owó tí wọ́n bá ń rí lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n máa fi ra fúláwà fún àwọn opó tí kò rọ́wọ́ họrí. Ilẹ̀ yẹn ló di Gaunt Park lónìí, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà ooru, tí yìnyín bá sì bo òkè ibẹ̀ wọ́n á jókòó sórí pátákó wọ́n á máa yọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ti mọ ère ẹ̀ sí abúlé náà báyìí.

Ẹ wá wo iye ọ̀nà tó là fún mi látinú àpò fúláwà kan: ìwé ogún wà, ìwé ilẹ̀ wà, ìkànìyàn wà, ibojì wà, ìpàdé kánsù tó ń bójú tó owó náà wà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ti abúlé tiyín lè má jẹ́ fúláwà. Ó lè jẹ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún ní wákàtí tí kò yé èèyàn, ó lè jẹ́ ẹja díndín tí àwọn panápaná ń tà lọ́jọ́ Friday, ó lè jẹ́ igi kan láàárín títì tí gbogbo mọ́tò ń yà fún tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé. Ẹ ṣáà wá a.

Kí wọ́n tó pè é ní village

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ìpínlẹ̀ yín ń pè ní village, torí òun ló máa sọ ibi tí ìwé wà. Ní Ohio, ibi tó ní ìjọba tiẹ̀ tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 5,000, village ni, tó bá ti tó 5,000 nínú ìkànìyàn ó di sítì. Ní New York, inú town ni village wà, ará ibẹ̀ ń san owó orí fún méjèèjì, èyí túmọ̀ sí pé ibi méjì lẹ máa lọ wá ìwé. Ní New England, ìyẹn agbègbè tí Vermont wà, town gan-an ló ń ṣèjọba, ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń sọ village níbẹ̀ orúkọ àdúgbò lásán ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì abúlé, ìbéèrè ìṣẹ́jú kan ni, ó máa gbà yín lọ́wọ́ wàhálà oṣù kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ má wa mọ́tò o.

Orúkọ títì máa ń sọ̀rọ̀. Xenia Avenue ní Yellow Springs, Xenia ló ń lọ, ibẹ̀ ni kọ́ọ̀tù káúńtì wà. Dayton Street, Dayton ló ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ títì lórúkọ láyé ìgbà yẹn nìyẹn, ibi tí ọ̀nà ń lọ. Tẹ́ ẹ bá wá rí ojú ọ̀nà kan tó gún régé, tó tẹ́jú, táwọn ilé àtijọ́ kọ ẹ̀yìn sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú irin tẹ́lẹ̀. Ní Yellow Springs, ibi tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ láàárín abúlé, ojú irin Little Miami Railroad ni, 1846 ni ọkọ̀ ojú irin yẹn débẹ̀, òun ló sì sọ abúlé di abúlé, torí kó tó dé, orísun omi làwọn èèyàn ń bá wá. Omi yẹn wà nínú igbó Glen Helen títí dòní, irin pọ̀ nínú ẹ̀, ibi tó bá ṣàn gbà òkúta ibẹ̀ á pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún. Àwọn èèyàn gbà pé ó ń wo àìsàn, wọ́n ń ti ọ̀nà jínjìn wá mu ún. Mo ti fọwọ́ kan òkúta náà, àwọ̀ ẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ mi bọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá parí títì, ẹ lọ sí ibojì. Ẹ lọ láàárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá fẹ̀gbẹ́ tàn, torí ìgbà yẹn ni lẹ́tà tó ti parẹ́ lára òkúta máa ń hàn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tó bá dọ̀tí, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má da bílíìṣì sí i, ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, ẹ má sì fi irin ha á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá bà á jẹ́ ó ti tán nìyẹn. Ẹ máa wo ọdún ikú. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀pọ̀ tó kú ní ìparí 1918, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́, àrùn ọ̀fìnkìn burúkú ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tẹ́ ẹ bá rí òkúta kéékèèké mẹ́ta mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ ìdílé kan náà, oṣù kan náà, ẹ dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ ni. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ dáadáa.

Ìwé tó wà ní káúńtì

Apá ibí yìí ló gùn jù, ẹ mú sùúrù.

Ní Ohio, ìwé ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ Recorder káúńtì, ìwé ogún wà ní Probate Court. Fún Yellow Springs, Xenia lẹ máa lọ. Ìwé ilẹ̀ ní atọ́ka méjì, ọ̀kan fún ẹni tó tà, ọ̀kan fún ẹni tó rà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé lónìí, ẹ wá ọdún tó rà á, ẹ wo ẹni tó tà á fún un, ẹ tún wá ẹni yẹn nínú atọ́ka àwọn tó rà, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe padà sẹ́yìn títí ẹ fi máa dé ọ̀dọ̀ ìjọba tó kọ́kọ́ pín ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ pín fún ẹni àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Bureau of Land Management, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe rí nínú ìwé máa yà yín lẹ́nu. Láti 1785 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa wọn ilẹ̀ ní igun mẹ́rin mẹ́rin, township kan jẹ́ máìlì mẹ́fà níbùú lóòró, wọ́n pín in sí ọ̀nà 36, ìpín kọ̀ọ̀kan éékà 640, ìpín kẹrìndínlógún sì jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Ohio ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Àmọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín odò Little Miami àti odò Scioto, ìpínlẹ̀ Virginia ló yà á sọ́tọ̀ fáwọn sójà ẹ̀ tó ja ogun òmìnira, wọn ò wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, igi àti òkúta àti ibi tí odò ti yà ni wọ́n fi ń ṣe ààlà. Nítorí náà nínú Greene County kan ṣoṣo, ẹ kàn sọdá odò ni, ìwé ilẹ̀ á yí padà pátápátá, ẹ̀gbẹ́ kan á sọ nọ́ńbà ìpín fún yín, ẹ̀gbẹ́ kejì á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi kan tó ti jẹrà láti bíi igba ọdún. Tó bá rú yín lójú, ẹ má rò pé ẹ ò mọ ìwé, ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìkànìyàn ńkọ́? Ọdọọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é láti 1790, àmọ́ ọdún 72 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí gbogbo ayé rí orúkọ àwọn èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ti 1950 ló dé kẹ́yìn, wọ́n ṣí i sílẹ̀ ní April 2022. Kó tó di 1850, orúkọ olórí ilé nìkan ni wọ́n ń kọ. Ní 1850 àti 1860, gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ àwọn ẹrú, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo àti àwọ̀ ara nìkan ni wọ́n kọ fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. 1870 ni orúkọ wọn tó jáde. Èmi o, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú ìwé ẹrú yẹn, ìlà lẹ́yìn ìlà tí kò sí orúkọ, mi ò lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ náà. Ti 1890 jóná ní Washington ní 1921, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ tán, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ohun tó bá etí ẹni tó ń kànìyàn mu ló máa ń kọ. Gaunt lè di Gant, ó lè di Gont. Ẹ fi orúkọ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ orí àti iṣẹ́ wá èèyàn, ẹ má rọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìdílé nìkan. Ìkànnì FamilySearch jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn ìwé ogún Ohio tó pọ̀ gan-an náà wà lórí ẹ̀.

Ìyókù kò le. Máàpù Sanborn, àwọn tó ń ṣe inṣọ́ránsì iná ni wọ́n ya á fún láti 1867, ilé tí wọ́n fi bíríkì kọ́ á ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ti pákó á ní àwọ̀ yẹ́lò, ti òkúta á ní àwọ̀ búlúù, Library of Congress ti gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé ti ọdún méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ máa rí ilé tó jóná àti ilé tó dìde. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lórí ìkànnì Chronicling America, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Láwọn ìwé ìròyìn abúlé, ẹ fi ojú ewé àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Washington ló máa ń wà níbẹ̀; inú lọ́hùn-ún lẹ ti máa rí ẹni tó lọ kí àbúrò ẹ̀ ní Springfield, ẹni tí ẹṣin ẹ̀ sọnù, ẹni tó bí ìbejì. Yellow Springs ṣì ní ìwé ìròyìn tiẹ̀ tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Yellow Springs News, láti 1880. Abúlé tó bá ṣì ní ìwé ìròyìn tiẹ̀ lónìí, ẹ rà á, ẹ máa san owó ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ má mú èyí tó dùn nìkan

Gbogbo abúlé ló ní ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò àti èyí tí wọn ò fẹ́ sọ. Ẹ gbọ́dọ̀ wá méjèèjì.

Yellow Springs fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa Antioch College, tí Horace Mann jẹ́ ààrẹ ẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní 1853, níbi tí Coretta Scott King, ìyàwó Martin Luther King, ti kàwé. Wọ́n fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa Moncure Conway tó kó bíi 30 èèyàn tí wọ́n jẹ́ ẹrú bàbá ẹ̀ ní Virginia wá síbẹ̀ ní 1862 kí wọ́n lè wà lómìnira. Wọ́n á sọ fún yín pé ní 1825 àwọn ọmọlẹ́yìn Robert Owen wá dá àwùjọ kan sílẹ̀ níbẹ̀ níbi tí gbogbo nǹkan ti máa jẹ́ ti gbogbo èèyàn, tí kò tọ́jọ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ó sì dáa.

Àmọ́ ní March 1964, ní abúlé kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn ará ìlú jókòó sójú títì torí onígbàjámọ̀ kan tí kò gbà láti gẹ irun fún aláwọ̀ dúdú, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń gẹ̀ ẹ́. Àwọn ọlọ́pàá láti ibòmíì wá, wọ́n da omi lù wọ́n, wọ́n yin tajútajú, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 100. Onígbàjámọ̀ náà ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa. Ẹni tó bá ti lé ní ẹni 75 ọdún níbẹ̀ lónìí á rántí, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà lójú títì lọ́jọ́ náà, tàbí kó ti wà lójú fèrèsé.

Kí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wọn tó dé pàápàá, àwọn Shawnee, ọ̀kan lára ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ni ilẹ̀. Ìlú wọn Old Chillicothe wà láàárín Xenia àti Yellow Springs, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Oldtown báyìí. Lẹ́yìn àdéhùn Greenville ní 1795 ni wọ́n pàdánù apá tó pọ̀ jù lọ nínú Ohio, nígbà tó sì di 1803, Greene County ti wà nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ìtàn abúlé tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òyìnbó àkọ́kọ́ tó kọ́ ilé onígi síbẹ̀, ẹ ti gbàgbé ìdajì.

Ó tún yẹ kí n sọ̀rọ̀ abúlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí àwọn kan nínú yín ń gbé nítòsí irú ẹ̀, ẹ sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nicodemus ní Kansas, àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò ní Kentucky ló dá a sílẹ̀ ní 1877. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Willianna Hickman débẹ̀ ní 1878 pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ ní a ti dé o, ó wò yíká kò rí ilé kankan, ó bi í pé níbo ni Nicodemus wà, ọkọ ẹ̀ nawọ́ sí èéfín tó ń jáde látinú ilẹ̀. Inú ihò làwọn èèyàn ń gbé. Ó bú sẹ́kún. Wọ́n dúró síbẹ̀ ṣá, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìwé ìròyìn, àfi ìgbà tí ojú irin gba ibòmíì lọ ní 1888 làwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ. Èèyàn tó kù síbẹ̀ ò tó nǹkan, síbẹ̀ ní òpin July lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń ti gbogbo ìpínlẹ̀ wá sílé láti ṣe àjọ̀dún ìtúsílẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìtàn irú abúlé bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àjọ̀dún yẹn ni kẹ́ ẹ lọ. Ní ọjọ́ míì, atẹ́gùn lẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ bá wọn ṣe é

Ìwé nìkan ò lè ṣe é. Àwọn ará abúlé Amẹ́ríkà máa ń kíni dáadáa, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí yín, àmọ́ wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ inú fún ẹni tó kàn wá pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n ní láti rí yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin níbi tí iṣẹ́ wà.

Ẹ lọ sí ìpàdé kánsù. Òfin Ohio ní ìpàdé náà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ náà sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ẹ lè ní kí wọ́n fi ti ọdún tó ti pẹ́ hàn yín. Àwọn tó bá wà ní Vermont, ọjọ́ Tuesday àkọ́kọ́ ní March ni Town Meeting, ẹ lọ wò bí àgbẹ̀ àti tíṣà ṣe ń jiyàn lórí owó àtiṣe títì. Ọ̀pọ̀ panápaná ní Amẹ́ríkà jẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọn ò gba owó oṣù, wọ́n máa ń dín páńkéèkì láàárọ̀ Saturday tàbí Sunday láti fi wá owó ra irinṣẹ́, ẹ lọ jẹun níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá jẹun tán ẹ bá wọn palẹ̀ mọ́. Ibi tí mo ti ń bá wọn ká àga ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò rí nínú ìwé kankan. Ọjọ́ Memorial Day, ìyẹn ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú, Monday tó kẹ́yìn ní May, ẹ bá wọn rìn lọ síbi ibojì, ẹ fetí sílẹ̀ sí orúkọ tí wọ́n ń kà. Ní June àti October, Yellow Springs máa ń ti títì ẹ̀ pa fún Street Fair, èrò á pọ̀ bí omi, ó dùn, àmọ́ àlejò ló pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ ìtàn.

Pósófíìsì náà o! Láwọn abúlé tó kéré gan-an, àpótí lẹ́tà àwọn èèyàn wà nínú pósófíìsì, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ dúró ti pátákó tí wọ́n ń lẹ ìkéde mọ́ níbẹ̀, ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Orúkọ abúlé fúnra ẹ̀ sì lè ti inú ọ̀rọ̀ pósófíìsì wá, torí tí orúkọ kan náà bá ti wà ní ìpínlẹ̀ kan náà tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí wọ́n yan òmíì.

Tó bá wá kan àtijókòó ti àgbà. Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ mú fọ́tò àtijọ́ tàbí máàpù kan dání kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fìka tọ́ ọ. Ẹ má bi í pé báwo ni abúlé yìí ṣe rí láyé àtijọ́, ìbéèrè yẹn ti fẹ̀ jù, á kàn ní ó dáa. Ẹ bi í pé ta ló ń gbé ilé yìí nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, kí ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun yẹn, ta ni wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó tẹ rẹkọ́ọ̀dù lórí fóònù. Ẹ sọ ọjọ́ àti orúkọ ẹ̀ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́, ẹ má yára béèrè nǹkan míì, ohun tó ń wá lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló dáa jù. Tó bá sọ pé ẹ má kọ eléyìí, ẹ má kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí láíbìrì, ọ̀pọ̀ láíbìrì káúńtì ló ní yàrá tí wọ́n ń kó ìtàn àdúgbò sí. Ẹ má fi í sílẹ̀ sórí fóònù nìkan, fóònù a máa bàjẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó mú un lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú un padà lọ fún ẹni tó sọ ọ́ fún yín.

Mo mú tèmi lọ fún ìyá àgbà yẹn, ojú ewé mẹ́rìnlá. Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó ń kà á nídìí tábìlì kan náà tí wọ́n gbé fúláwà lé lọ́jọ́sí, ó rọra ń kà á, kò sọ̀rọ̀, tíì mi ti tutù. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé Wheeling Gaunt ní kí wọ́n máa fún àwọn opó ní fúláwà àti ṣúgà, ó mú bírò, ó fa igi lé ṣúgà. Ó ní fúláwà nìkan ni bàbá yẹn sọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n fi ṣúgà kún un. Mo dé ilé, mo tún un kọ, mo tẹ òmíì jáde. Èyí tí mo mú lọ sí láíbìrì nìyẹn.